Kí Bàbá Ìyábọ̀ Tó Dáhùn Kúérì: Sí Mojí, Lórí Kíbọ́ọ̀dù, Máùsì àti Páàdì

Ọ̀wọ̀,
Ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú.

Mojísọ́lá ọmọ mi,

Jẹ́ kí n to ohun tó ti bàjẹ́ sílẹ̀ kí n tó kí ẹ. Bí mo bá kọ́kọ́ kí ẹ, ọkàn mi á rọ̀, mi ò sì ní í lè sọ ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe yẹ.

Lápútọ́ọ̀pù tí iléeṣẹ́ yín gbé fún ẹ, tí o fi ń kọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tó ti kú nínú àwọn ẹ̀rọ omi abúlé, ti bàjẹ́. Bọ́tìnì márùn-ún ló kú lára kíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Géèmù lo fi pa wọ́n. O wá kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ó bàjẹ́ "nínú ọkọ̀, lójú ọ̀nà Ìdóàní." Iléeṣẹ́ yín ka ìlà kan ṣoṣo yẹn, ó sì fún Bàbá Ìyábọ̀ awakọ̀ yín ní kúérì, pé kí wọ́n wá ṣàlàyé irú ọkọ̀ tí wọ́n ń wà tí ẹ̀rọ ìjọba fi fọ́ sí ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́. Ọjọ́bọ̀ ni ìdáhùn gbọ́dọ̀ dé. Ọjọ́ Ẹtì ni ìgbìmọ̀ máa jókòó. O mọ gbogbo èyí, o sì dákẹ́.

Àwọn tó mọ̀ nìyí. Túnjí àbúrò ẹ mọ̀, torí ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń ja ogun orí ẹ̀rọ náà, ìwọ ní Ifọ̀n, òun níbí. Bùkọ́lá tí ẹ jọ ń gbé yàrá mọ̀. Bàbá ẹ mọ ìlàjì: wọ́n rí ẹ tí o ń gbá a ní pálọ̀ nígbà Àjíǹde, wọ́n ní àwọn rò pé o ń fi sinmi ni. Èmi nìkan ni mi ò mọ̀. Èmi tí mo bá ẹ to ìwé tí o fi wá iṣẹ́ náà. Èmi tí mo dúró níwájú ìjọ tí mo dúpẹ́ pé ọmọ mi ríṣẹ́.

Mo pè ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lónìí lẹ́yìn ìsìn. O ní o máa pè mí padà. Mi ò lè dúró. Túnjí ló máa gbé lẹ́tà yìí wá láàárọ̀ ọ̀la, ìjìyà tirẹ̀ nìyẹn. Kà á tán lójú rẹ̀.

Bí mo ṣe gbọ́ nìyí. Lánàá, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo ń di ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ni Bàbá Ìyábọ̀ wọlé. O mọ̀ pé ẹni tó bá gba kúérì ní Ọ̀wọ̀ yìí, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀, torí wọ́n gbà pé mo mọ bí a ṣe ń fi gẹ̀ẹ́sì bẹ ọ̀gá. Wọ́n yọ ìwé náà nínú àpò. Mo ń kà á bí mo ṣe máa ń ka ti gbogbo ènìyàn. Mo dé ìlà kẹta, mo rí orúkọ ẹ. Mo yọ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún un kà. Orúkọ ẹ kò kúrò níbẹ̀.

Mo ní, "Bàbá Ìyábọ̀, Mojí wo nìyí?"

Wọ́n ní, "Mojí wa ni. Ẹ má bínú sí i o, Ìyá Mojí. Ọmọ náà ò fẹjọ́ mi sùn. Ọ̀nà yẹn ló burú."

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ẹ́. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti ń wakọ̀ fún iléeṣẹ́ yín, àwọn ò rí ọmọ tó ṣiṣẹ́ tó ẹ. Pé bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Ifọ̀n báyìí, wàá ṣí kọ̀ǹpútà lé itan, wàá dorí kodò, wàá máa tẹ̀ ẹ́ títí dé Ìdóàní, wàá sì tún tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Wọ́n ní àwọn máa ń rọra gun gbogbo kòtò kí ọwọ́ ẹ má baà yẹ̀. Pé àwọn ò tan rédíò mọ́ bí o bá wà nínú ọkọ̀. Wọ́n ní ọjọ́ kan ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìlú, o kígbe pé, "Mo ti kú!" Wọ́n tẹ bíréèkì, ọkọ̀ wọ inú koríko, wọ́n bọ́ sílẹ̀ sáré wá ṣílẹ̀kùn ẹ. O ní kò sí nǹkan, iṣẹ́ ni. Wọ́n ní nígbà tí àwọn délé lọ́jọ́ náà, àwọn gbàdúrà fún ẹ pé kí iṣẹ́ má pa ẹ́.

Mojí, mo gbé omi fún wọn, ó dà sórí ìwé ẹni ẹlẹ́ni. Bàbá àgbà tó pa rédíò nítorí géèmù ẹ, tó ń rọra gun kòtò nítorí géèmù ẹ, àwọn ni wọ́n ní kí wọ́n wá ṣàlàyé ìwàkuwà. Wọn ò ní pẹ́ fẹ̀yìn tì. Wọn ò gba kúérì rí. Wọ́n bi mí bóyá kí àwọn gbà pé àwọn jẹ̀bi, kí ọ̀rọ̀ náà lè tètè tán.

Mi ò sọ nǹkan kan fún wọn. Mo ní kí wọ́n padà wá lálẹ́ Ọjọ́rú, ìdáhùn á ti ṣe tán. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, èmi tí kì í tì í ní Àbámẹ́ta, mo lọ sí yàrá Túnjí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ẹ̀rọ náà ti wà lábẹ́ àwọn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Iléeṣẹ́ yín ní kí o gbé e wá sí Ọ̀wọ̀ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, o gbé e fún Túnjí, Túnjí gbé e pamọ́. Mo ṣí i. Bọ́tìnì mẹ́rin tó fara kanra lápá òsì àti èyí tó gùn nísàlẹ̀, lẹ́tà ti pa rẹ́ lára wọn. Àwọn yòókù ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Eruku wo ló ń yan bọ́tìnì? Kòtò wo?

Mo gbé e tọ Ṣeun lọ, ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí gééètì ilé ẹ̀kọ́. Mi ò tíì jókòó tó fi ní, "Màmá, ta ló ń gbá géèmù lórí èyí?"

Inú bí mi débi tí mo fi jókòó tì í fún wákàtí méjì, mo ní kó kọ́ mi ní gbogbo ohun tó yẹ kí o ti mọ̀. O mọ̀ mí. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lójú mi, mo gbọ́dọ̀ mọ bí kò ṣe ní í bàjẹ́ mọ́. Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mo rí kọ́, kí n tó padà sórí ọ̀rọ̀ Bàbá Ìyábọ̀. Mi ò ní kí o má gbá géèmù. Ọmọ tó ń ti abúlé kan bọ́ sí èkejì láti Ajé dé Ẹtì, tó ń sun yàrá tí kì í ṣe tiẹ̀, ó yẹ kó ní ohun tó ń dá a lára yá. Ohun tí mo ń sọ ni pé o kò yan nǹkan kan. Ohun tó wà lábẹ́ ìka ẹ lo kàn ń lù.

1. Má fi irinṣẹ́ oníṣẹ́ ṣeré. Mo mọ èyí ju bí o ṣe rò lọ. Kí wọ́n tó bí ẹ, mo jẹ́ atẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan níbí, èmi àti ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Kẹ́hìndé. Táípúráítà kan ṣoṣo la jọ ń lò. Mo ń gba iṣẹ́ ìwé ètò ìsìnkú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń fi ẹ̀rọ ọ́fíìsì tẹ̀ ẹ́ nígbà tí àwọn yòókù bá lọ jẹun ọ̀sán. Ẹ̀rọ yẹn kò ní àmì tí a ń fi sábẹ́ lẹ́tà Yorùbá. Ohun tí mo ń ṣe ni pé màá yí bébà sókè díẹ̀, màá gbá fúlúsítọ́ọ̀pù sábẹ́ lẹ́tà, màá tún yí i padà. Orin ìsìn mẹ́fà, kíkà Bíbélì méjì, orúkọ gbogbo ọmọ òkú: ìwọ ro iye ìgbà tí mo gbá bọ́tìnì kan ṣoṣo yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ihò sára bébà. Nígbà tó yá, irin rẹ̀ ṣẹ́. Ọ̀gá bèèrè ẹni tó lò ó kẹ́yìn. Kẹ́hìndé ló lò ó kẹ́yìn. Mo wà níbẹ̀. Mo ń to fáìlì tí mo ti tò tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé Kẹ́hìndé kúrò lórí ẹ̀rọ, wọ́n ní kó máa pín lẹ́tà láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, kò sì padà sórí ẹ̀rọ mọ́ títí ó fi kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mi ò sọ èyí fún bàbá ẹ rí. Ìwọ lo kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀: lo lápútọ́ọ̀pù ti ara ẹ fún géèmù. Èyí àtijọ́ tí o lò nílé ẹ̀kọ́ ṣì wà nínú wọ́dúróòbù níbí. Ṣeun wò ó, ó ní ó tó.

2. Kíbọ́ọ̀dù ara lápútọ́ọ̀pù, bó tilẹ̀ jẹ́ tìrẹ, má fi gbá géèmù. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bí bọ́tìnì márùn-ún bá kú, gbogbo ikùn ẹ̀rọ ni wọ́n máa tú kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Ṣeun tú u lójú mi, ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ. Ra kíbọ́ọ̀dù kékeré tó dá dúró, irú èyí tí kò ní apá nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí yóò wọ àpò ìrìn-àjò. Lu ìyẹn bó ṣe wù ẹ́. Bó bá kú, wàá sọ ọ́ nù, wàá ra òmíràn, kò sì sẹ́ni tó máa gba kúérì.

3. Ibi pẹrẹsẹ tí o ń fi ìka ra níwájú kíbọ́ọ̀dù, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n ṣe é fún. Túnjí fi hàn mí bí ẹ ṣe ń fi yí orí nínú ogun: ìka á rìn dé etí, àyè á tán, wọ́n á sì yìnbọn pa ẹ́ níbi tí o ti ń gbé ìka padà. Ó yà mí lẹ́nu pé ọmọ tó kàwé ń fara da ìyẹn. Máùsì lo nílò. Àmọ́ máùsì fẹ́ tábìlì. Ṣeun ní kí n dán an wò lórí itan mi, lórí ìró tí mo ró. Ọfà inú ẹ̀rọ ń fò káàkiri bí eṣinṣin, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, máùsì wà fún yàrá Ifọ̀n, níbi tí tábìlì wà. Kì í ṣe fún orí bẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe fún inú ọkọ̀.

4. Níbi tí kò bá sí tábìlì, páàdì ni, èyí tí a ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú. Mo dì í mú. Kò béèrè itan, kò béèrè tábìlì. O lè gbé ẹ̀rọ sórí àga kí o jókòó síwájú rẹ̀. Ṣeun sọ òótọ́ fún mi pé páàdì ń lọ́ra díẹ̀ bí a bá fẹ́ fojú sun ibọn, ṣùgbọ́n fún bọ́ọ̀lù àti ọkọ̀ eré, òun ni ọ̀gá. Ó yé mi báyìí: o ò lè gbá géèmù kan náà níbi gbogbo. Fi ogun sílẹ̀ fún tábìlì. Gbá bọ́ọ̀lù lójú ọ̀nà. Mo mọ̀ pé ẹ máa ń jókòó pẹ́ ní Ùpẹnmẹn àti Èmùrè-Ilé, tí ẹ máa ń dúró de ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀rọ omi wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó ti oko dé. Àkókò tìrẹ nìyẹn. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ, pa á dé, kí o bá bàbá àgbà sọ̀rọ̀.

5. Wáyà tàbí aláìlówáyà? Túnjí ní aláìlówáyà ló bóde mu. Mo bi í léèrè ibi tí wàá ti ṣáàjì rẹ̀ ní abúlé tí wọn kì í ráná fún ọjọ́ mẹ́ta. Páàdì oníwáyà ni kí o rà. Ara lápútọ́ọ̀pù ló ti ń jẹun. Máùsì lè jẹ́ aláìlówáyà, bó bá jẹ́ irú èyí tó ń lo bátìrì kékeré tí wọ́n ń tà ní gbogbo kíósì. Má ra ohunkóhun nítorí àwòrán. Páàdì ńlá tí Túnjí fẹ́ràn, àwọn ìka mi ò kan bọ́tìnì ẹ̀yìn rẹ̀, ọwọ́ ẹ ò sì tóbi ju tèmi lọ. Mo wá èyí tó kéré. Àtàǹpàkò mi dé ibi gbogbo.

6. Bùkọ́lá sọ fún Túnjí pé o máa ń fi aṣọ di ọrùn ọwọ́ ẹ láàárọ̀. Ìyẹn náà o fi pa mọ́ fún mi. Bí ọwọ́ bá ń dun ẹni, a máa ń dáwọ́ dúró ni. Tún àga ẹ ṣe kí ìgbọ̀nwọ́ ẹ lè sinmi lé nǹkan, kí o sì lọ rí nọ́ọ̀sì lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe oṣù tó ń bọ̀.

Ní ilé ẹ̀kọ́ okòwò tí mo ti kọ́ ìwé títẹ̀, ohun mẹ́ta ni wọ́n ní ká máa bèèrè kí a tó ra irinṣẹ́: iṣẹ́ wo ló máa ṣe, ibo ni yóò ti ṣe é, ta ni yóò jìyà bó bá bàjẹ́. O ò bèèrè ìkankan. Ẹ̀kẹta yẹn sì ti wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́.

Mo mọ ohun tó di ẹ́ lẹ́nu. Ìparí oṣù yìí ni wọ́n máa fọwọ́ sí i bóyá o ti di òṣìṣẹ́ gidi tàbí kí o máa lọ sílé. O rò pé bí o bá sọ òótọ́, ó tán. Ó lè tán. Mi ò ní í purọ́ fún ẹ. Mo ro ọ̀rọ̀ náà láti àná, mi ò sì rí ọ̀nà tí wàá gbà bọ́ tí Bàbá Ìyábọ̀ náà á bọ́, àfi kí o sọ ọ́. Bí wọ́n bá dá ẹ dúró, yàrá ẹ ṣì wà níbí, ṣọ́ọ̀bù ń wá ènìyàn. Ibo ni Bàbá Ìyábọ̀ máa lọ?

Jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé. Lọ́dún tí o wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, mo lọ ra gààrí ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Ẹni tó ń wọn gààrí fún mi gbójú sókè, Kẹ́hìndé ni. A dì mọ́ra, a rẹ́rìn-ín, a bèèrè ọmọ. Ó ń da gààrí sínú àpò mi, kò tilẹ̀ wo ojú mi, ó ní, "Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Ihò ló wà lábẹ́ gbogbo lẹ́tà nínú ìwé ìsìnkú bàbá mi àgbà, mo sì mọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Mo kàn ń retí kí o sọ ọ́ ni."

Ṣé o mọ ohun tí mo ṣe, Mojí? Mo ní gààrí náà dára. Mo gbé àpò mi, mo gun ọ̀kadà.

Títí di àná, mo rò pé ọ̀rọ̀ yẹn ti kọjá. Àfìgbà tí mo rí orúkọ ẹ ní ìlà kẹta ni jìnnìjìnnì mú mi, torí kì í ṣe ìwọ nìkan ni mo rí níbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí, mi ò sì ní í dúnàá-dúrà. Kí aago méjìlá ọ̀sán Ọjọ́rú tó lù, wọ ọ́fíìsì ọ̀gá ẹ. Mú Bàbá Ìyábọ̀ dání, kí wọ́n gbọ́ ọ létí ara wọn. Sọ pé géèmù ló ba ẹ̀rọ náà jẹ́, pé ìwọ lo ń gbá a, pé ọkọ̀ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Sọ pé wàá tún un ṣe. Kọ ọ́ sílẹ̀, fọwọ́ sí i, rí i pé wọ́n fa kúérì náà ya. Lẹ́yìn náà, bẹ bàbá àgbà, lórí ìkúnlẹ̀. Má fi fóònù bẹ̀ wọ́n.

Ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú kan, Bàbá Ìyábọ̀ ni màá pè. Bí mo bá gbọ́ lẹ́nu wọn pé o ò tíì ṣe é, ọkọ̀ Ifọ̀n tó bá kọ́kọ́ kún ni màá wọ̀, èmi ni màá sì sọ ọ́ lójú ẹ.

Òwúrọ̀ Ọjọ́rú yẹn kan náà, èmi náà ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Kì í ṣe gààrí ni mo ń lọ rà lọ́dọ̀ Kẹ́hìndé.

Kíbọ́ọ̀dù kékeré, máùsì àti páàdì tí mo ní kí o rà, mo ti bá ẹ rà wọ́n; wọ́n wà nínú dúrọ́ọ̀ mi ní ṣọ́ọ̀bù, nínú ọ̀rá tí wọ́n bá wá. Wá gbà wọ́n ní Àbámẹ́ta, yálà o ṣì níṣẹ́ tàbí o ò níṣẹ́. Bébà tí Bàbá Ìyábọ̀ ní kí n bá àwọn fi kọ ìdáhùn wà lórí tábìlì níwájú mi báyìí, ó ṣófo. Má jẹ́ kí n kọ nǹkan kan sínú rẹ̀.

Ìyá ẹ tó fẹ́ràn ẹ, tí kò sì tíì jẹun láti àná.